Ilẹ̀kùn Onígi Lójú Òjò: Àgbéyẹ̀wò kan láti Adja-Ouèrè

Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọ̀dà ní ọjà Ikpinlè pé kí ni òun lè fi pa ilẹ̀kùn onígi tó wà lẹ́nu àgbàlá òun, agolo ni yóò nà sí i. Bó bá bi gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyẹn á kọ́kọ́ fẹ́ mọ irú igi tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti kọ́lé lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta lè má wo igi, kó má sì wo agolo. Ìdí ilẹ̀kùn ni yóò bẹ̀ wò, àti ibi tí omi orí páànù ń dà sí. Èrò tèmi ni pé àgbàlagbà yẹn ló mọ̀ jù, gbẹ́nàgbẹ́nà ló tẹ̀ lé e. Ọlọ́dà ló kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an là ń náwó fún jù.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ojú ọjọ́ tí ilẹ̀kùn náà dúró dè. Adja-Ouèrè wà ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Kétu wà lókè rẹ̀, Pobè wà lápá ìlà-oòrùn, Sakété wà nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń ní àsìkò níbẹ̀ lọ́dún: èyí tó gùn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta títí di oṣù keje, èyí tó kúrú a dé ní oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á wá fẹ́, tí ètè á máa là. Pákó tó wú ní oṣù kẹfà débi pé ilẹ̀kùn ń ha férémù, òun náà ló máa sún kì ní oṣù kìíní débi pé ènìyàn lè gba àlàfo rẹ̀ wo ewúrẹ́ aládùúgbò. Ọ̀dà tó bá le gbagidi kò lè bá pákó wú kó tún bá a sún. Ibẹ̀ ló ti ń sán.

Oòrùn tún ní tirẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n 7 péré ni Adja-Ouèrè fi wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí èyí, láti oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Láwọn oṣù yòókù, ó ń gba gúúsù. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ilé kankan níbẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ òjìji látọdún dọ́dún, bí ẹ̀gbẹ́ àríwá ilé ṣe sábà máa ń rí ní Yúróòpù. Ìjì tó ń ṣáájú òjò, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin àsìkò, ìlà-oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́ wá. Ilẹ̀kùn tó bá kọjú síbẹ̀ ni ìjì ń fi omi gbá lójú lálẹ́, tí oòrùn òwúrọ̀ á tún sun lọ́jọ́ kejì. Bí ilé bá ní ilẹ̀kùn méjì tí owó kò sì tó fún méjèèjì, èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.

A máa ń da àwọn ọ̀tá igi pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Oòrùn, ojú igi ló ń jẹ. Ó ń tú èròjà lignin tó so iṣan igi mọ́ra, òjò a wá fọ̀ ọ́ lọ, igi a sì di aláwọ̀ eérú. Èyí ń dun ojú, ṣùgbọ́n kì í wó ilẹ̀kùn. Ilé ìwádìí igi ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Madison, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, ṣírò rẹ̀ pé igi rírọ̀ ilẹ̀ wọn tí a fi sílẹ̀ láìkùn nínú oòrùn àti òjò máa ń pàdánù nǹkan bíi mìlímítà 6 lójú rẹ̀ láàárín 100 ọdún. Oòrùn tiwa le ju tiwọn lọ. Síbẹ̀, kí a tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, pákó tó nípọn yóò sin ẹni tó kàn án.

Olú àti ikán ni aṣekúpani. Olú tó ń mú igi jẹrà kì í ráyè nínú igi gbígbẹ. Ó di ìgbà tí omi inú igi bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ, tó sì pẹ́ níbẹ̀, kí ewu tó bẹ̀rẹ̀. Ikán ní tirẹ̀, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ó ń fi amọ̀ bo ọ̀nà tó ń gbà, ibi tí igi ti kan ilẹ̀ tàbí ibi tí kọnkéré ti là ló sì ti ń gòkè. Ẹ wá wò ó: nínú gbogbo ìjà yìí, oòrùn nìkan ni ọ̀dà ń bá jà tààrà. Omi tó dúró sójú kan àti ilẹ̀ tó kan igi, bí a ṣe kọ́ ilẹ̀kùn náà ló ń ṣẹ́gun wọn.

Àwọn ilẹ̀kùn tí a mọ̀ jù nínú ìtàn wa jẹ́rìí sí èyí. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ńlá kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Wọ́n gbé e lọ ṣe àfihàn ní Wembley, London, ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí dòní. Ní Abomey, Sosa Adede gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ọba Glèlè. Mẹ́rin nínú wọn wà lára ohun 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Benin ní oṣù kọkànlá 2021, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé, tí Ọ̀gágun Dodds ṣáájú, ti kó wọn lọ ní 1892. Orúkọ agbẹ́gilére là ń rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ń gbé: lábẹ́ òrùlé tó gùn jáde, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹ̀kán omi kò ti tó o. Àkábà Ìdènà, ẹnubodè Kétu tí kò jìnnà sí Adja-Ouèrè, ilé olórùlé ni. Abẹ́ òrùlé ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dúró. Ogun Dàhòmì ló pa Kétu run ní 1886, kì í ṣe òjò. Àwa ni a gbé ilẹ̀kùn kúrò lábẹ́ òrùlé, tí a gbé e sí àárín ògiri sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà gbangba, tí a wá ń retí kí agolo kan ṣe iṣẹ́ òrùlé.

Nítorí náà, páànù kékeré kan tàbí pákó tó dagun lórí férémù, tó yọ jáde síwájú àti sẹ́yìn ní ìwọ̀n apá kan, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, ó sì lè má wọ́n tó agolo fánìṣì méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdí. Ilẹ̀ pupa kì í jẹ́ kí òjò rọ̀ lásán. Ẹ̀kán omi máa ń ta padà láti ilẹ̀, ẹ ó sì rí àmì pupa rẹ̀ lára ògiri gbogbo. Níbi tí àmì yẹn ga dé ni pákó ilẹ̀kùn ti ń kọ́kọ́ rà. Kí a gbé ìdí ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, kí a da òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ dípò ilẹ̀ lásán, àmì náà á wálẹ̀. Bí adìẹ bá ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ lè fi rọ́bà táyà àtijọ́ dí i.

Orí pákó, níbi tí ayùn ti gé e, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Ihò tóóró tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò nígbà tó wà láàyè ṣì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mu omi ju ojú pákó lọ lọ́nà tó pọ̀. Akunlé a kun iwájú kó dán, a kun ẹ̀yìn, a fi orí àti ìdí pákó sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó ń rí i. Omi kò nílò kí a rí òun. Bí ọ̀dà bá ṣẹ́kù fún ibì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kí a fi sí, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọ̀pá tó dábùú lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà tún ṣe pàtàkì. Bó bá tẹ́jú lókè, omi ń dúró lé e. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà fá a kó dagun. Ọ̀pá tó bẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ níhà irin àgbékọ́ ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó gòkè lọ síhà kejì, kí ó lè gbé ẹrù ilẹ̀kùn; bí wọ́n bá kàn án lódì, ilẹ̀kùn á sorí kọ́, ìdí rẹ̀ á máa wọ́ nínú ẹrẹ̀. Mo ti rí i lódì lọ́pọ̀ ìgbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Òpó wá ńkọ́? Nínú gbogbo ara ilẹ̀kùn, ibi tí òpó ti wọlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹrà, nítorí pé omi àti afẹ́fẹ́ pàdé níbẹ̀. Dída kọnkéré yí òpó ká kò yanjú rẹ̀. Nígbà tí igi bá sún lásìkò ọyẹ́, àlàfo á wà láàárín òun àti kọnkéré, òjò àkọ́kọ́ á kún inú rẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ó sàn kí òpó dúró lórí irin tí a ti rì mọ́ kọnkéré, kí ìdí rẹ̀ má kan ilẹ̀. Ní ìhà Massè, níbi tí ilẹ̀ amọ̀ dúdú wà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i: ilẹ̀ yẹn ń wú nígbà òjò, ó ń là gbàràgbàrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń ti òpó kiri. Ẹni tó bá ń gbé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti gbẹ́ ihò jìn ju ti àwọn ará orí ilẹ̀ pupa lọ.

Igi wo, nígbà náà? Ìrókò ni ọba, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀; inú rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kì í tètè rà, ikán kì í sì í fẹ́ ẹ. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mọ òkúta inú rẹ̀ tó ń pa eyín ayùn, àti ekuru rẹ̀ tó ń mú ènìyàn sín. Ṣùgbọ́n ìrókò ńlá ti ń wọ́n, èyí tó sì kù lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní olúwa rẹ̀ tí kì í ṣe ènìyàn. Òpẹ̀pẹ̀ náà dára gan-an níta. Apá le, kì í sì í yẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìpàdé CITES, àdéhùn lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ní Panama ní 2022 ni òwò apá àti ti ọ̀gànwó láàárín orílẹ̀-èdè ti wọ abẹ́ àkóso. Fún òpó, àgbọ̀n olódù ni mo yàn láàyò: ara òde rẹ̀ le bí egungun, ikán ń fi í sílẹ̀, kò sì dàbí pé ẹnikẹ́ni ń fi ọ̀dà kùn ún.

Tíìkì ló wá gba ọjà báyìí. Éṣíà ni igi náà ti wá, ìjọba àti àwọn aládàáni sì gbìn ín káàkiri gúúsù Benin. Ìyìn rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n igi àgbà ni wọ́n ń yìn. Tíìkì kékeré tí wọ́n gé ní kùtùkùtù, ọ̀pọ̀ ara rẹ̀ ni abala funfun tó yí inú pupa ká, abala funfun yẹn kò sì ní agbára kankan. Kòkòrò àti olú ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ igi lásán. Kò sí igi tí funfun rẹ̀ ń pẹ́, ìrókò pàápàá. Kí ẹni tó ń ra pákó yí i padà, kó wo etí rẹ̀. Ẹni tó sanwó tíìkì tó sì gba funfun rẹ̀, owó orúkọ ló san.

Ó wá ku agolo. Fánìṣì ni ẹwà rẹ̀ ń tan ènìyàn jù. Ó mọ́ gaara, ó ń dán, ó ń fi àwọ̀ igi hàn. Bẹ́ẹ̀, mímọ́ gaara yẹn gan-an ni àléébù rẹ̀. Oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ jẹ ojú igi lábẹ́, ohun tí fánìṣì dì mú á sì tú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀; fánìṣì níta gbangba máa ń lanu kíákíá. Omi á wọ abẹ́ rẹ̀, kò ní lè jáde bó ṣe wọlé, igi á sì wà nínú ọ̀rinrin ju èyí tí a kò kùn rárá lọ. Ìyà tó burú jù ni pé a kò lè kun òmíràn lé e. A gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Fánìṣì dára fún ilẹ̀kùn yàrá. Fún ilẹ̀kùn ìta tí kò ní òrùlé, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi sí lára náà kún un.

Ọ̀dà aláwọ̀ tó bo igi pátápátá ló ń dáàbò bò ó jù lọ́wọ́ oòrùn, nítorí èròjà àwọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ọ̀dà olómi tó dára tí wọ́n ṣe fún igi ìta máa ń rọ̀ bá pákó ju ọ̀dà olóyìlì lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú igi yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ tó mọ́ kì í gbóná tó dúdú. Àwọn kan á ní àwọn kò na owó lé ìrókò láti wá fi ọ̀dà bo ẹwà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi. Fún wọn, ọ̀nà àárín wà, ìyẹn epo tó wọnú igi, tí wọ́n ti po àwọ̀ díẹ̀ mọ́. Kì í bó, ṣíṣá ló ń ṣá. Bó bá ti ṣá, a fọ ilẹ̀kùn, a jẹ́ kó gbẹ, a tún fi epo pa á, ó tán. Èyí ni èmi fi ṣáájú gbogbo rẹ̀, fún ẹni tí kò ní jẹ́ kó pẹ́ kó tó padà sí i.

Ṣùgbọ́n epo wo? Ìbéèrè yìí ní ìtumọ̀ gidi ní ilẹ̀ ọ̀pẹ, nítòsí Pobè níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Epo pupa àti àdín pọ̀ nílé, kí ló dé tí a kò fi wọ́n pa ilẹ̀kùn? Ìdí ni pé epo kì í ṣe ọ̀kan náà. Epo irúgbìn lín máa ń gba afẹ́fẹ́ sára, ó sì ń le di awọ. Epo pupa kì í gbẹ láéláé. Yóò dúró lójú igi, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, èébu á rí oúnjẹ. Ère tó wà nínú ilé lè jẹ àǹfààní rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn ìta. Epo lín pàápàá ń fa èébu lásìkò òjò bí kò bá ní oògùn nínú, ó sì ní ewu kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: àkísà tí a fi nù ún, tí a ká jọ sí igun ilé, lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Kí a tẹ́ ẹ síta kó gbẹ. Ìrókò tún ní èròjà kan tó ń dá gbígbẹ epo àti fánìṣì dúró, nítorí náà kí a dán an wò ní igun kan ná. Ti tíìkì ni pé ara rẹ̀ ní òróró, kí a fi tínà nù ún kí ọ̀dà tó kàn án.

Epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú kúrò lára mọ́tò ni ọ̀rẹ́ tálákà, àti gbogbo wa. Kò náni ní nǹkan, ó ń lé ikán fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń sọ igi di dúdú lọ́nà tó dà bí ìtọ́jú. Kì í gbẹ. Òjò ń fọ̀ ọ́ wá sílẹ̀, aṣọ ọmọ iléèwé ń gbà á, lẹ́ẹ̀dì àti àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀. Níbi tí kànga bá sún mọ́, tàbí tí ewúrẹ́ bá ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò rí ìdí tí a fi ń ṣe é. Oògùn ikán inú agolo náà ní láti ní ìwé lára. Pentachlorophenol, tí gbogbo ayé fi ń pa igi nígbà kan, wọ àkójọ àdéhùn Stockholm lórí àwọn kẹ́míkà olóró ní 2015, lindane sì ti wọ ọ́ ní 2009. Oògùn tí wọ́n bá bù fún yín nínú ìgò tí kò ní orúkọ, ẹ dá a padà. Ní ti sísun ìdí òpó kó di èédú, àṣà àtijọ́ ni, kò burú. Ṣùgbọ́n bí èédú náà bá ti sán, ikán ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ìbínú tó wọ́pọ̀ ni pé "mo kùn ún lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti bó." Ta ló ṣèlérí pé kò ní bó? Agbègbè yìí, láti Kétu dé Ọ̀họ̀rí, ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àtàtà ọmọ aráyé. Kí eré tó tún jáde, wọ́n máa ń tún orí onígi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn. Ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí àbùkù agbẹ́gilére. Ní Norway, ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó wà ní Borgund ti dúró láti nǹkan bí 1180, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń fà yọ lára igi páìnì ni wọ́n sì ń kùn ún léraléra títí di òní. Igi tó pẹ́ níta ni igi tí ẹnì kan ń padà sí. Ìwọ̀n tó mọ́gbọ́n dání fún Adja-Ouèrè, lójú tèmi: epo lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀dà lọ́dún méjì-mẹ́ta, àti wíwo ìdí òpó nígbàkúùgbà tí a bá ń gbálẹ̀.

Géètì irin ti gba ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà, ó sì ní ìdí. Ikán kò jẹ ẹ́, ọlọ́ṣà ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin náà ń dípẹtà, ìdí rẹ̀ náà ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi ẹ̀kán omi kan náà. Ẹni tó bá rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìtọ́jú nítorí pé òun ra irin kàn pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ni. Lára igi, kí a tún ṣọ́ ìṣó àti bóòtì: irin lásán nínú ìrókò tàbí apá máa ń ṣe àbàwọ́n dúdú bí omi bá dé ibẹ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n ti fi síǹkì bò ló yẹ.

Ní ti àkókò, ìparí oṣù kọkànlá sí àárín oṣù kejìlá ló dára jù. Òjò ti lọ, igi ti ń gbẹ, eruku ọyẹ́ kò sì tíì nípọn débi tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Kí ìrì òwúrọ̀ kọ́kọ́ gbẹ, kí a má sì kùn ún nígbà tí oòrùn bá ń ta lé e lórí. Pákó tuntun kò gbọ́dọ̀ dúró láìkùn nínú oòrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta péré ti tó láti ba ojú rẹ̀ jẹ́ débi tí ọ̀dà kò fi ní lè dì í mú dáadáa. Àwọn ibi tí a kò ní lè dé mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kan ìṣó, ìyẹn orí pákó, abẹ́ ọ̀pá ìdábùú, àti ẹ̀yìn ibi tí irin àgbékọ́ máa wà, gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn ìta lè gbé ọ̀dà tàbí epo lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó sì bá a ṣàdéhùn owó iṣẹ́ ọjọ́ kan sí i kó tó kàn án pọ̀.